Tapólì fún Òrùlé Adéṣẹwà

Okumagba Layout,
Warri.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025.

Adéṣẹwà ọmọ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni òtútù? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde? Mo fi ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣáájú nítorí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kọ wọ́n sí nínú lẹ́tà mi tó kọjá, o kò sì dáhùn ìkankan. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo fi ń retí èsì rẹ. Mo mọ̀ pé o máa ní kí n gba ìpè. Etí mi ọ̀tún kò gbọ́ fóònù mọ́, ti òsì sì rèé, ariwo rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé, mo lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bísọ́lá tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ṣì ń bá mi ya fọ́tò lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ, ó sì ń tẹ tìrẹ jáde fún mi. (Bísọ́lá, o kú iṣẹ́ o. Láti ibí lọ, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, má kà á.)

Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọlọ́rọ̀ kan ń kọ́ ọgbà ìṣeré tuntun sí ọ̀nà Effurun. Kì í ṣe irú tiwa, tí wíìlì ńlá tó ń gbé ènìyàn yí lọ sókè, jangilọ́fà, rélùwéè kékeré àti àwọn ẹṣin tó ń yí po jókòó sórí iyanrìn, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì ń rí gbogbo wọn. Wọ́n ní ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo ibẹ̀ máa jẹ́. Tí o bá ti wọ ẹnubodè, o ti wọ ìlú ọba abẹ́ omi nìyẹn. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì máa múra bí ẹja. Rélùwéè wọn máa gba inú ihò àpáta lọ. Madam Peculiar tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà wa tilẹ̀ sọ fún mi pé, "Oga Bode, even the toilet, dem go build am like fish mouth." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ó: ta ló máa wá gun wíìlì wa lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde tí ẹnu ẹja bá wà nílùú?

Ràhímù, tó ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnì wíìlì fún mi láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni kì í yẹ bóòtù irin wò. Mo ṣì ń gun yípo mẹ́ta àkọ́kọ́ fúnra mi kí a tó já tíkẹ́ẹ̀tì kankan, bí mo ti ń ṣe kí a tó bí ọ. Orúnkún mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wíìlì tí onílé kò bá gùn, ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ gùn ún.

Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ọgbà onítàn bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù. Kí o sì fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Má fi ojú rẹ nìkan ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí o wà ni mo fẹ́ rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé.


Nottingham.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o, sà. Ara le. Òtútù pọ̀. Mo ń jẹun kí n tó jáde. Ẹ rí i pé mo dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí tíkẹ́ẹ̀tì láti oṣù kọkànlá, mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn akùnlé báyìí. Ọ̀gá wa ló bi mí pé ṣé mo di búrọ́ọ̀ṣì mú rí, mo sì sọ fún un pé ta ló ń kun àwọn ẹṣin Warri láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Ọgbà máa ń tì nígbà òtútù, ìparí oṣù kẹta ni yóò ṣí, nítorí náà iré la ń sá láti àárọ̀.

Ọgbà onítàn tí ẹ ń bèèrè, bó ṣe rí rèé. Ẹ ò lè rí irin kan tó wà níhòòhò níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá máa sáré gorí irin, wọ́n á mọ òkè bò ó. Ìlú mẹ́rin ló wà nínú ọgbà wa, tí ẹ bá wà nínú ọ̀kan, ẹ ò lè rí èkejì, ẹ ò sì lè rí títì. Orin tó ń dún, òórùn oúnjẹ, aṣọ agbálẹ̀, ìtàn yẹn náà ni gbogbo wọn ń sọ. Àwọn ènìyàn máa tò fún wákàtí kan àbọ̀ nítorí eré ìṣẹ́jú méjì, wọn ò sì ní ráhùn, nítorí pé ibi tí wọ́n tò sí gan-an ti wà nínú ìtàn.

Fọ́tò yín rèé. Ilé tó wà lẹ́yìn mi yẹn, inú rẹ̀ ni mo ti wà láti oṣù kọkànlá, àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò sí igun rẹ̀ tí mi ò mọ̀. Bàbá mi, òun ni mo fi ń yangàn ní ìlú yìí. Ẹ fi han Bàbá Ràhímù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ẹja bà yín lẹ́rù jàre.

Ọmọ yín,
Adéṣẹwà.


Okumagba Layout,
Warri.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 2025.

Adéṣẹwà,

Mo rí fọ́tò. Mo fi gíláàsì wò ó, mo bọ́ gíláàsì, mo tún wò ó lójú oòrùn. Mo ní kí Bísọ́lá tẹ̀ ẹ́ tóbi sí i. Bó ṣe ń tóbi tó ni ọkàn mi ń kéré tó.

Ta ni o ń parọ́ fún, ọmọ mi? Ihò tó wà lórí òrùlé ilé yẹn, màlúù lè gba ibẹ̀ bọ́. Ògiri ti là láti òkè dé ilẹ̀. Fèrèsé kan so rọ̀ sórí ìdè kan ṣoṣo. Omi ìpẹtà ti ṣàn bá ara ògiri, ewé tútù sì ti bò ó bí ìgbà tí ènìyàn kò gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún. Ìwọ náà sì dúró síwájú rẹ̀ nínú aṣọ tí ọ̀dà ti lẹ̀ pa, o ń rẹ́rìn-ín. O ní inú rẹ̀ ni o wà. O ní o fi ń yangàn.

Ìyá rẹ ni o jọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún tí ìjì gbé òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Pessu lọ, lẹ́tà ló kọ sí àwọn ará Ìjẹ̀bú pé a ti ní atẹ́gùn tó pọ̀ sí i. Nítorí náà má rò pé mi ò mọ irú ẹ̀rín tó wà nínú fọ́tò yẹn.

Mo fi han Ràhímù bí o ti wí. Ó wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dé, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn ṣe máa ń rí." Mo ní Ràhímù, ihò ni mo ń fi hàn ọ́! Ó ní òun rí ihò, ṣùgbọ́n ọmọ náà sanra. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Ohun tí mo ti ṣe rèé. Arábìnrin Bímbọ́lá nínú ìjọ wa ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ ní Nottingham yín níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kó gààrí Ìjẹ̀bú àti ẹja gbígbẹ fún un, pẹ̀lú tapólì tí o máa fi bo òrùlé. Mo lọ sí Pessu láti ra tuntun, ṣùgbọ́n àwọn tuntun yẹn fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá pọ́ọ̀wọ́tà, nítorí náà mo ká èyí tó ń bo ẹ́ńjìnì wíìlì. Ó ti bá òjò Warri jà fún ọdún mẹ́rìnlá, òjò Òyìnbó kò lè rí i gbé ṣe. Arábìnrin náà bínú díẹ̀ nítorí pé ó wúwo ó sì ń rùn gíríìsì, ṣùgbọ́n mo fi fọ́tò rẹ hàn án, ó sì gbé e.

Èkejì ni pé mo fẹ́ ta wíìlì. Ọkùnrin kan wà ní Sapele tó ń ra irin kọ̀ndẹ̀m, ó ti ń yí i po láti ọdún tó kọjá. Tí ọgbà abẹ́ omi bá ṣí, wíìlì wa kò ní níláárí mọ́. Ó kúkú yá kí n sọ ọ́ di ìwé ọkọ̀ òfuurufú tí ó máa gbé ọ wálé. Ilé wa kò tóbi, ṣùgbọ́n òrùlé wà lórí rẹ̀. Mo ní kó wá ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta. Tí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, sọ ọ́ kó tó dé.

Bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé.


Okumagba Layout,
Warri.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 2025.

Adéṣẹwà,

Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí mi ò gbúròó rẹ. Bísọ́lá fi hàn mí pé àmì kan ṣoṣo ló wà lára lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́, kò tíì di méjì, ìyẹn ni pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó. Ó ti sọ fún mi pé wíwò kọ́ ló máa sọ ọ́ di méjì.

Arábìnrin Bímbọ́lá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun pè ọ́ títí, kò wọlé. Ó ń padà bọ̀ ní Sọ́ńdè, ó ti fi ẹrù sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni òun máa ṣe. Tí òrùlé yẹn bá ti wó lé ọ lórí ńkọ́? Tí òtútù bá ti mú ọ ńkọ́? Mo ro oríṣi mẹ́fà, mi ò ní kọ wọ́n síbí.

Tí lẹ́tà yìí bá bá ọ, gba tapólì. Ihò ìso mẹ́rin ló ní, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Igun kẹrin ti ya díẹ̀, má so ó níbẹ̀, ká a sẹ́yìn kí o tó so ó.

Ràhímù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí mo sọ ti Sapele fún un. Ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń fi gíríìsì pa wíìlì láti ìdí dé òkè bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ tuntun lára, ó sì ń lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n irin ni wíìlì. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní.

Olúbọ̀dé.


Nottingham.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, 2025.

BÀBÁ MI, Ẹ MÁ TA WÍÌLÌ.

Mo kọ ọ́ sókè kí Àǹtí Bísọ́lá lè kọ́kọ́ rí i. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré gbé e lọ kí ẹ tó tẹ ìyókù.

Ẹ káàárọ̀ sà. Mo kúnlẹ̀, mo sì tún ń bẹ̀bẹ̀. Fóònù mi ló jábọ́ sínú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Mo ní tí ọgbà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ni màá rí àyè ra òmíràn, ẹ̀bi mi nìyẹn. Àná ni mo rà á, lẹ́tà yín méjèèjì sì wọlé pọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo ka ibi igun kẹrin, ẹkún ni.

Bàbá mi, ilé yẹn kì í ṣe ilé mi. Ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ rí. Oṣù kọkànlá ni wọ́n parí rẹ̀, ògiri rẹ̀ ń dán bí àwo. Èmi ni mo bà á jẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan tó ń lọ ọkà sá fún omíyalé, tí kò padà wá fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ògiri tó là, búrọ́ọ̀ṣì mi ló là á. Ìpẹtà tó ń ṣàn, oríṣi ọ̀dà mẹ́ta ni. Ewé tútù ara rẹ̀, fóòmù ni mo rẹ́ wẹ́wẹ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn. Ihò orí òrùlé, wọ́n fi ìwọ̀n gé e ni, ọkọ̀ ló máa gba ibẹ̀ já. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da ìdọ̀tí padà síbi tí àwọn agbálẹ̀ bá ti gbá jù.

Mo mọ̀ pé ìṣòfò ló máa jọ lójú yín. Ní ọgbà tiwa, ohun tó gbó la ń kùn kó lè dà bí tuntun. Níbí, tuntun ni wọ́n ń kùn kó lè gbó. Ó yẹ kí n ti rántí pé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí kí n tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Yàrá tí mo ń gbé wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, òrùlé rẹ̀ pé, ó gbóná, onílé mi sì jẹ́ màmá kan ará Jàmáíkà tó ń bá mi wí bíi tiyín.

Mi ò ní parọ́, sà, eré ibí dùn. Tí ọkọ̀ bá wọ òkùnkùn, tí omi ń hó lábẹ́ yín, ẹ máa gbàgbé ọjọ́ orí yín. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n gbìn yí gbogbo ọgbà ká, kí ẹni tó bá wọlé má baà rí ayé mọ́. Wíìlì tiwa, ayé gan-an ni àwọn ọmọ ń gun òkè lọ wò. Ẹ rántí ohun tí gbogbo wọn máa ń pariwo tí wọ́n bá ti dé òkè: "I see our house!" Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti wà níbí, mi ò tíì gbọ́ ọmọ kan tó pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́kọ́ wo iná gáàsì Ubeji tó ń jó lókèèrè, kí n yí orí díẹ̀díẹ̀ títí màá fi rí Okumagba.

Mo ti gba ìsinmi fún Iléyá. Mo ń bọ̀ wálé. Tí ẹ bá ta wíìlì, kí ni mo fẹ́ wá kùn?

Ọmọ yín,
Adéṣẹwà.


Okumagba Layout,
Warri.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, 2025.

Ọmọ mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé wíìlì wà níbẹ̀, kí àyà rẹ má baà já bí tèmi ti já.

Ọkùnrin Sapele dé láago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti gáàsì tó fi ń gé irin. Ó ní òun fẹ́ rí i kó yí kí òun tó sọ ohun tí òun máa san. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ ń gùn ún. Ràhímù tan ẹ́ńjìnì láìwo ojú mi. Mo jókòó sínú àga búlúù, èyí tí ìyá rẹ fẹ́ràn.

Yípo kejì ni mo wà, mo ti ń sún mọ́ òkè, nígbà tí mo rí Bísọ́lá tó ń sáré bọ̀ láti àdúgbò wa, gèlè ti bọ́, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé o ti kú. Mo pariwo pé kí Ràhímù dá a dúró, ó sì dá a dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè téńté ni mo wà.

Bísọ́lá ń pariwo nísàlẹ̀, etí mi kò gbọ́. Ràhímù gba ìwé náà, ó kà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe gbohùngbohùn.

"Ọ̀dà ni!"

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Mo ní ọ̀dà ni! Ilé yẹn, ọ̀dà ni!"

Kò yé mi. Madam Peculiar wá gbé àwo gúgúrú sílẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. "Papa! The house no spoil o! Na your pikin spoil am! Dem dey pay am make e spoil am!" Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ yékéyéké, òun náà ló sì kọ́kọ́ dojú ọ̀rọ̀ rú fún mi pátápátá.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Mo ní kí Ràhímù gbé mi sọ̀kalẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dé, ṣé o ṣì ń tà á?"

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀ ná, Ràhímù."

"Mo ní ṣé o ṣì ń tà á?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ìgbà tó máa sọ ọ́, òkè ló gbé mi sí. Mo sì jókòó sókè náà. Ó pẹ́ tí mo ti ń gun wíìlì yẹn tí ojú mi kì í kúrò lára bóòtù, ìgbọ̀nrìrì irin nìkan ni mo máa ń ṣọ́. Lánàá, níwọ̀n ìgbà tí kò yí, kò sóhun tí mo lè ṣọ́. Mo wo iná Ubeji. Mo yí orí díẹ̀díẹ̀. Mo rí àwọn páànù Pessu, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo rí ilé wa. Aṣọ mi tí mo sá láàárọ̀ wà lórí okùn. Mo wolẹ̀, mo ní, "Mi ò tà á mọ́."

Ọkùnrin Sapele bínú. "Oga, you don waste my diesel." Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí a kúkú gbé òun yí lẹ́ẹ̀kan kí òun má baà wá lásán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí. Ó ní òun máa kó àwọn ọmọ òun wá lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo ní kó fi gáàsì rẹ̀ sílé.

O ṣẹ̀ mí, Adéṣẹwà. Ẹni tó bá ní bàbá bíi tèmi kì í fi fóònù sẹ́bàá ọ̀dà. Ṣùgbọ́n o ń bọ̀ wálé, nítorí náà mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo kàn fẹ́ bèèrè pé ihò tí wọ́n fi ìwọ̀n gé yẹn, ṣé wọ́n ti ro ti òjò? Kí o sì dá tapólì mi padà. Òjò ti ń ṣú níbí, ẹ́ńjìnì wà níta.

Bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé.


Nottingham.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Òtútù ti dín. Mo jẹun. Fóònù mi wà lọ́rùn mi, mo so ó mọ́ okùn.

Mi ò lè dá tapólì padà mọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín. Mo lọ gba ẹrù lọ́dọ̀ ọmọ Arábìnrin Bímbọ́lá, mo sì fi tapólì bo àwọn ọ̀dà mi níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa rí i. Ó yí i po bí ẹni fẹ́ ra àgbò. Ó ní ta ló ṣe iṣẹ́ yìí? Ọ̀dà mélòó ló lò? Báwo ló ṣe rí àwọ̀ tó ṣá débi tí aṣọ ti ká, tó dúdú níbi tí epo kán sí? Mo ní òjò Warri ọdún mẹ́rìnlá ni, pẹ̀lú ọwọ́ Bàbá Ràhímù. Ó ní àwọn kò lè ṣe irú rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta.

Òjò sì ti ń gba ihò yẹn wọlé lóòótọ́, ó ń ba iná inú ilé jẹ́. Àwọn tó fi ìwọ̀n gé e kò ro ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje tí a ṣí, wọ́n so tapólì yín mọ́ apá kan ihò náà, bí ẹni pé alọkà yẹn ló fi bo òrùlé rẹ̀ kó tó sá lọ. Ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí igun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n pa á rẹ́: BỌ̀DÉ WÍÌLÌ. MÁ GBÉ E.

Bàbá mi, nínú gbogbo ohun ògbólógbòó tó wà nínú ọgbà yìí, òun nìkan ló gbó lóòótọ́.

Mo ti ra tuntun fún yín, ó nípọn. Màá gbé e bọ̀ ní Iléyá. Ẹ bá mi fi igi bo ẹ́ńjìnì títí dìgbà náà.

Ọmọ yín,
Adéṣẹwà.


Okumagba Layout,
Warri.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 2025.

Ọmọ mi Adéṣẹwà,

Ara mi yá. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìrora ayọ̀ ni, mo máa ṣàlàyé.

Ọgbà abẹ́ omi ṣí lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kí n lọ fojú ara mi rí ọ̀tá mi. Èmi àti Ràhímù ra tíkẹ́ẹ̀tì bí ọmọdé. Ẹja kan ló já a fún wa, ó ní, "Welcome to my father kingdom, my elders." A wọ rélùwéè tó gba inú ihò àpáta. Kí n tó jókòó ni mo ti bèèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde tí iná bá lọ. Nígbà tí ó ṣókùnkùn, tí omi ń dún, mo di Ràhímù mú, òun náà ti di mí mú. Mo mọ̀ pé ọ̀dà ni. Mo ń wí i sínú pé ọ̀dà ni, ọmọ mi ló ń ṣe irú rẹ̀, àyà mi ṣì ń já. Bí a ti ń jáde, mo na ọwọ́ kan ibi tí àpáta ti là. Ó dán kalẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹja náà fi wá bèèrè bóyá ara mi dá. Ó dùn, Adéṣẹwà. O ṣe é dáadáa ju tiwọn lọ, ìlà tiwọn gún jù.

Lánàá, ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọgbà wa dá títí di aago mọ́kànlá. Mo ti ń sọ fún Ràhímù pé ó ti tán. Aago méjìlá lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ ọba abẹ́ omi ni wọ́n ti ń bọ̀, fìlà ẹja ṣì wà lórí àwọn ọmọ. Ọkùnrin Sapele kó mẹ́rin wá. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ìlà ti gba iwájú Madam Peculiar kọjá dé títì, gúgúrú rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ni orúnkún mi ti rí tirẹ̀. Ọmọ kan tí fìlà ẹja wà lórí rẹ̀ dé òkè, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí fìlà náà mú, ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi òsì fi gbọ́ ọ: "Mummy! I see our house!" Ràhímù wò mí, mo wo Ràhímù.

Nípa tapólì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Igun wo ni wọ́n so? Mo ti sọ fún ọ nípa igun kẹrin. Tí atẹ́gùn bá já a nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá ńkọ́? Sọ fún wọn pé ẹni tó ni ín ló ní kí wọ́n ká a sẹ́yìn kí wọ́n tó so ó.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun wíìlì de Iléyá. Àga búlúù nìkan ni mo fi sílẹ̀ dè ọ́. Tuntun ni kó dà, o gbọ́? Mi ò fẹ́ ìpẹtà kankan lára rẹ̀, kódà èyí tó dára.

Fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ kí o tó máa bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ nìkan tó mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé.